Ohun Tí Láàbù Kò Lè Tún Ṣe: Láti Ibi Tí Ọ̀ràn Ti Ṣẹ̀ Dé Iwájú Adájọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ni mo fẹ́ kí a jọ tẹ̀ lé lónìí, láti ilẹ̀ yàrá tó kán sí títí dé iwájú adájọ́. Ọ̀nà náà gùn, ibi tí nǹkan sì ti máa ń bàjẹ́ kì í sábà jẹ́ ibi tí àwọn èèyàn ń wò. Àwọn tó fẹ́ràn fíìmù ọlọ́pàá gbà pé láàbù ni gbogbo iṣẹ́ wà: wọ́n á ti nǹkan bọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì pe orúkọ ọ̀daràn. Ẹ̀rọ kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Kò lè yẹ ohun tí a kò kó wá fún un wò, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ọ̀daràn fi sílẹ̀ àti ohun tí ẹni tó wá ṣèwádìí fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọlé. Ohun tó bá ti bàjẹ́ ní wákàtí àkọ́kọ́, láàbù kò lè tún un ṣe mọ́.

Edmond Locard, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó dá láàbù ọlọ́pàá sílẹ̀ nílùú Lyon lọ́dún 1910, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé bí nǹkan méjì bá ti fara kanra, ọ̀kan á fi díẹ̀ sára èkejì. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí ló mọ̀ ọ́n sórí, àmọ́ ọ̀daràn nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń rò bí wọ́n bá ń kà á. Ó kan ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ wọlé. Ó kan nọ́ọ̀sì tó wá gbé ẹni tó fara pa, ẹni tó ya fọ́tò, ọ̀gá tó kàn yọjú wò, àti ará ilé tó ti fi aṣọ nu ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Ẹ̀mí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Bí ẹnì kan bá ṣì ń mí, a kì í torí ẹ̀rí fi í sílẹ̀. Kí dókítà wọlé, kí ó tẹ ohun tó bá máa tẹ̀. Tiwa ni kí a kọ ohun tó yí padà sílẹ̀: ta ló ṣí ilẹ̀kùn, iná wà ní títàn àbí ó ti kú, ta ló sún àga, ibo ni ojú òkú kọ sí kí wọ́n tó yí i padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó fi tépù gba ibẹ̀ yí ká ní ìpele méjì. Ti inú á yí ojú ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹ̀ ká, ti ìta á fẹ̀ jù ú lọ dáadáa, torí ó rọrùn láti dín ààlà kù lọ́la ju kí a fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí ogún èèyàn ti tẹ ibẹ̀ kọjá. Ọlọ́pàá kan á dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé, á máa kọ orúkọ ẹni tó wọlé, aago tó wọlé, aago tó jáde àti iṣẹ́ tó wá ṣe. Ìwé yìí máa ń lé àwọn tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ padà ju tépù lọ, torí ẹni tó bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ mọ̀ pé agbẹjọ́rò lè pe òun wá ṣàlàyé ohun tí òun wá wò.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn á máa gbà wọlé, òun náà ni wọ́n á gbà jáde, a ó sì yàn án síbi tí kò jọ pé ọ̀daràn gbà. Níbi tí ilẹ̀ bá dán, a máa ń to pẹpẹ kéékèèké sílẹ̀ tí ẹsẹ̀ á máa tẹ̀, kí bàtà má baà kan ilẹ̀ rárá. A kì í lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀, a kì í mu sìgá, a kì í ṣí fèrèsé torí ooru, a kì í sì ṣí omi ẹ̀rọ. Páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ ibi ìfọwọ́ lè ní ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀daràn ṣàn kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀. Omi tí ọlọ́pàá kan fi fọ ọwọ́ á gbé e lọ pátápátá.

Aṣọ funfun tó bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, ìbòmú, ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn. Ìbòmú kì í ṣe nítorí òórùn: bí a bá ń sọ̀rọ̀, itọ́ ń ta jáde, DNA, àmì àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara, sì wà nínú itọ́. Ìbọ̀wọ́ gan-an ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ó ń gba ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀, kò gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ àfi bí onítọ̀hún bá ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó fi ìbọ̀wọ́ kan náà ṣí ilẹ̀kùn, tó tún ìbòmú rẹ̀ ṣe, tó gbé fóònù, tó wá bẹ̀rẹ̀ mú ọ̀bẹ nílẹ̀, ti gbé DNA ọwọ́ ilẹ̀kùn, ti ojú ara rẹ̀ àti ti fóònù rẹ̀ sórí ọ̀bẹ náà. Èyí tó wà lóde ni a máa ń bọ́ sọ nù lẹ́yìn ohun kọ̀ọ̀kan tí a bá fọwọ́ kàn.

Kí a tó gbé ohunkóhun, fọ́tò ni. A ó yà á láti òkèèrè kí gbogbo yàrá hàn, a ó yà á láti àárín kí a lè rí bí ohun náà ṣe jìnnà sí ògiri tàbí ibùsùn, a ó sì yà á ní tòsí. Ti tòsí yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni: lákọ̀ọ́kọ́ láìsí rúlà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé rúlà bo nǹkan mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà pẹ̀lú rúlà. Ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ kọ sí i tààrà láti òkè, rúlà sì gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú ohun tí a ń yà. Bí ojú bàtà bá jìn sínú ẹrẹ̀, tí a wá gbé rúlà sórí ilẹ̀ tó ga jù ú lọ, ìwọ̀n bàtà tí wọ́n máa ṣírò nínú fọ́tò á yàtọ̀ sí ti òótọ́. Iná ni a ó gbé sí ẹ̀gbẹ́, kí ó rẹlẹ̀, a ó sì máa gbé e yí ká fún fọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí òjìji ló ń yọ ìlà bàtà jáde. Lẹ́yìn fọ́tò ni a ó tó da gíípísì àwọn oníṣègùn eyín sí i. Nǹkan bíi 900 gíráàmù ni a ó pò mọ́ omi 300 sí 350 mílílítà nínú ọ̀rá tó ṣeé dé lẹ́nu, a ó máa fún un títí kò fi ní kókó mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ojú bàtà ni a ó dà á sí kí ó fúnra rẹ̀ ṣàn wọ inú. Bí a bá dà á sí àárín láti òkè, yóò gbẹ́ ilẹ̀ tó rọ̀ náà bàjẹ́. Ó kéré tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó gbé e, ó sì di wákàtí 24 sí 48 kí a tó fọ erùpẹ̀ ara rẹ̀. Ìkánjú níbí ló ń fọ́ ọ.

Ó wá kan ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ wa. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni lóòótọ́? Ìpẹtà irin, ọ̀dà àti kọfí tó gbẹ ti tan ọ̀pọ̀ ojú jẹ. Àyẹ̀wò tí a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ni Kastle-Meyer. A kì í da kẹ́míkà sórí àbàwọ́n fúnra rẹ̀. Igi olówùú tí a fi omi díẹ̀ tu nínú ni a ó fi pa á létí, a ó kán ẹ̀kán ethanol kan sí òwú náà, ẹ̀kán phenolphthalin kan á tẹ̀ lé e, a ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, a ó wá kán hydrogen peroxide 3% sí i. Hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ á mú kí peroxide sọ kẹ́míkà tí kò láwọ̀ di píǹkì lójú ẹsẹ̀. Dídúró díẹ̀ yẹn ni ọgbọ́n inú àyẹ̀wò náà. Bí píǹkì bá ti yọ kí peroxide tó débẹ̀, a jẹ́ pé kẹ́míkà mìíràn ló wà lórí òwú, bíi bíliìṣì. Bẹ́ẹ̀ ni píǹkì tó bá yọ lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú kò já mọ́ nǹkan kan, torí afẹ́fẹ́ nìkan tó láti yí àwọ̀ náà padà. Àwọn ewéko kan, pàápàá gbòǹgbò horseradish, ní èròjà tó ń ṣe bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹran náà á yọ píǹkì. Ohun tí a lè kọ sínú ìwé lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni, a máa ń lo pátákó kékeré tó ń wá hemoglobin èèyàn, irú èyí tí ìlà máa ń yọ lójú rẹ̀ bíi ti àyẹ̀wò oyún. Òun náà ní àléébù. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ àti ti ẹranko ferret lè yọ ìlà. Èyí tó tún ya èèyàn lẹ́nu ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù nínú omi tí a pò ó mọ́, ìlà lè má yọ rárá, ẹni tí kò mọ̀ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹ̀jẹ̀. Bí àbàwọ́n bá pọ́n lójú tí ìlà kò sì yọ, ńṣe ni kí a fi omi là á ní ìlọ́po mẹ́wàá, kí a tún un dán wò.

Kẹ́míkà luminol ni gbogbo èèyàn mọ̀ láti inú fíìmù. Walter Specht dán an wò lórí ẹ̀jẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1937, ó sì dára gan-an fún ilẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀: nínú òkùnkùn, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti wà á tàn búlúù fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. Ní tèmi o, wọ́n ń lò ó ní àlòjù. Omi ni, ó ń la ẹ̀jẹ̀ tí kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń mú un ṣàn kúrò níbi tó wà, bàbà àti bíliìṣì sì ń tàn bí ẹ̀jẹ̀. Níbi tí ojú lásán bá ti rí àbàwọ́n, kí luminol dúró sínú ìgò rẹ̀.

Àbàwọ́n tó ti gbẹ sórí ohun tí kò ṣeé gbé, igi olówùú ni a ó fi kó o. Omi aláìlẹ́gbin ẹ̀kán kan tàbí méjì ti tó. Bí òwú bá rin ṣìnkìn, ẹ̀jẹ̀ á fọ́n ká inú rẹ̀, láàbù á sì gbà á padà ní lílà. Orí òwú ni kí a fi pa á, kí a máa yí i, kí ẹ̀jẹ̀ lè kórajọ sójú kan. Òwú gbígbẹ kejì á tẹ̀ lé e láti fa èyí tí omi ti tú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó fi òwú mìíràn pa ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ tí kò sí àbàwọ́n. Àwọn kan máa ń fo èyí torí wọ́n kà á sí wàhálà lásán, ṣùgbọ́n òun ni yóò jẹ́ kí a mọ̀ bóyá DNA tí láàbù rí wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, tàbí ó ti wà lórí tábìlì ọ̀hún tẹ́lẹ̀ láti ọwọ́ àwọn tó ń gbé ilé náà.

Àpò ìwé ni a ń lò, a kì í lo ọ̀rá. Ọ̀rinrin tí ọ̀rá bá dé mọ́lẹ̀ á jẹ́ kí kòkòrò bakitéríà pọ̀ sí i, èròjà inú wọn á sì máa gé DNA sí wẹ́wẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ nínú ooru, ẹ̀wù tó rin fún ẹ̀jẹ̀ lè di ohun tí kò wúlò mọ́. Ìwé ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. A ó kọ́kọ́ sá ẹ̀wù náà sínú yàrá tó mọ́, lórí ìwé funfun, láìfi oòrùn tàbí ẹ̀rọ agbóná gbẹ ẹ́. A ó fi ìwé sáàárín ibi tí a bá ṣẹ́ ẹ po kí àbàwọ́n má baà kàn síbòmíràn. Ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà á wọ inú àpò, torí irun tàbí òwú lè ti jábọ́ sórí rẹ̀. Aṣọ kan, àpò kan. Aṣọ ẹni tí wọ́n ṣe léṣe àti ti ẹni tí a fura sí kò gbọ́dọ̀ jọ wọ yàrá kan náà, kò gbọ́dọ̀ jọ wọ ọkọ̀ kan náà, ọlọ́pàá kan náà kò sì gbọ́dọ̀ kó méjèèjì. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, òwú aṣọ èyí tí a bá rí lára tọ̀hún kò ní ìtumọ̀ mọ́, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè dá ìtumọ̀ náà padà.

Iná sísun ni ó yí òfin yìí padà. Bí a bá fura pé wọ́n da pẹtiróòlù sí ilé kí wọ́n tó ṣáná sí i, àpò ìwé ló burú jù, torí ohun tí a ń wá ń fò lọ nínú afẹ́fẹ́. Agolo irin tó mọ́, tó sì ṣeé dé pinpin ni, kí ẹrù má kún un ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, kí àyè lè wà lókè fún òórùn náà láti kórajọ. Láàbù á gbé eérú náà sínú ooru pẹ̀lú èédú tó máa ń fa òórùn mọ́ra, yóò sì fi ẹ̀rọ GC-MS ya àwọn èròjà inú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lára alààyè náà ní ìgò tirẹ̀: èyí tó ní kẹ́míkà EDTA fún DNA, èyí tó ní sodium fluoride fún àyẹ̀wò ọtí, kí kòkòrò má baà máa po ọtí tuntun nínú ìgò kó tó dé láàbù.

Ohun tí ìbọn fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ní òjé, barium àti antimony, ẹ̀rọ SEM, tó ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú, ló sì ń wá wọn. Wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń lò lọ́wọ́ alààyè, ọṣẹ àti omi sì ń kó wọn lọ. Kí a kó o kí a tó tẹ onítọ̀hún níka, kó sì tó jókòó pẹ́ sínú ọkọ̀ tí ọlọ́pàá olùbọn ń jókòó sí.

Lórí ìtẹ̀ka, kẹ́míkà tó bá ti kan ohun kan kò ṣeé yọ kúrò mọ́, nítorí náà ètò kẹ́míkà ṣe pàtàkì ju kẹ́míkà fúnra rẹ̀ lọ. Lórí ìwé, DFO ló ń ṣáájú, ninhydrin á tẹ̀ lé e, physical developer á sì kẹ́yìn. Ninhydrin ń wá amino acid inú òógùn, ó sì ń sọ ọ́ di elése àlùkò. 80°C pẹ̀lú ọ̀rinrin 65% á jẹ́ kó yá. Ìwé tí omi ti rin ti pàdánù amino acid rẹ̀, kò sí ìdí láti fi ninhydrin ṣòfò lórí rẹ̀. Ọ̀rá ara ni ó ṣì kù níbẹ̀, physical developer ló sì ń rí ìyẹn. Lórí gíláàsì àti àpò ọ̀rá, èéfín súpà gúlù ni, nínú àpótí tí ọ̀rinrin ibẹ̀ tó 80%. Bí èéfín bá pọ̀ jù, funfun á kún àárín àwọn ìlà, ìtẹ̀ka á sì di àbàwọ́n kan ṣá. Bí ìka náà bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, fọ́tò ni ká kọ́kọ́ yà, ká gba ẹ̀jẹ̀ fún DNA níbi tí kò sí ìlà, ká tó fi aró amido black ṣe ìlà náà ní dúdú.

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà máa ń mú ìtẹ̀ka tó jọra wá láti inú àkójọ, ojú èèyàn ló ń pinnu. Ẹ̀yin náà lè rántí bọ́ǹbù ọkọ̀ ojú irin Madrid ní oṣù kẹta ọdún 2004. Àjọ FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, sọ pé ìtẹ̀ka tó wà lára ọ̀rá kan jẹ́ ti agbẹjọ́rò kan ní ìpínlẹ̀ Oregon, wọ́n sì tì í mọ́lé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọlọ́pàá Sípéènì tó fi hàn pé ẹlòmíràn ló ni ín. Kì í ṣe ojú kan ló ṣe àṣìṣe yìí. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò ti mọ èsì ẹni àkọ́kọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ìlà tó yàtọ̀ ni wọ́n sì wá àlàyé fún. Láàbù tó bá fẹ́ kí àtúnyẹ̀wò ní ìwúlò á fi èsì pa mọ́ fún ẹnì kejì. Á tún ní kí onímọ̀ kọ gbogbo àmì tó rí lára ìtẹ̀ka ibi ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ kó tó fojú kan ti ẹni tí a fura sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òwú ẹlẹ́jẹ̀ wa, ó ti dé láàbù. Inú sẹ́ẹ̀lì funfun ni DNA ẹ̀jẹ̀ wà. Sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní in. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ máíkírólítà kan ń ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì funfun, iṣẹ́ wa kò sì béèrè ju nánógíráàmù kan lọ, ìyẹn ìwọ̀n tí nǹkan bí 150 sẹ́ẹ̀lì lè fún wa. Èròjà kan tó ń jẹ́ proteinase K á tú sẹ́ẹ̀lì ní 56°C, DNA á lẹ̀ mọ́ àwọn yanrìn kéékèèké tí mágínẹ́ẹ̀tì lè fà, a ó fọ ìdọ̀tí kúrò, a ó sì tú DNA sínú omi díẹ̀. Bí àtọ̀ ọkùnrin bá dà pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì obìnrin, ìpele kan wọ àárín: proteinase K nìkan á kọ́kọ́ tú ti obìnrin, àtọ̀ kò ní tú torí orí rẹ̀ le, a ó yọ omi àkọ́kọ́ yẹn sọ́tọ̀, a ó tó fi kẹ́míkà DTT ṣí orí àtọ̀.

Wíwọ̀n ló kàn, àwọn tó ń kánjú sì máa ń fẹ́ fò ó. Èròjà inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, aró inú aṣọ jíìnsì àti humic acid inú ilẹ̀ lè dá PCR, ìyẹn iṣẹ́ tí a fi ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀, dúró. Wíwọ̀n á sọ iye DNA èèyàn tó wà, iye tó jẹ́ ti ọkùnrin, bó ṣe gé tó, àti bóyá ohun kan ń dí i lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ìdílọ́wọ́, ńṣe ni ká fi omi là á tàbí ká tún un fọ̀. Bí a bá rò pé DNA ló kéré, tí a wá da púpọ̀ sí i, ohun tó ń dí i lọ́wọ́ náà ni a ń fi kún un.

Ohun tí a ń kà nínú DNA ni STR, ìyẹn àwọn ibi tí lẹ́tà DNA ti ń tún ara wọn sọ. Ẹ fi wé okùn ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín ní ọ̀nà kan náà léraléra: níbi kan tó ń jẹ́ TH01, lẹ́tà mẹ́rin AATG ló ń tún ara rẹ̀ sọ. Iye ìgbà tó tún ara rẹ̀ sọ ni nọ́ńbà ibẹ̀, a sì máa ń ní nọ́ńbà kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Amẹ́ríkà ń lo ibi 13 nínú àkójọ wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di 20 láti oṣù kìíní ọdún 2017. PCR á máa sọ ẹyọ DNA di méjì ní ìgbà 28 sí 30. Ní 28, ẹyọ kan ti di mílíọ̀nù 268 lórí ìṣírò. Iná mànàmáná á wá fà wọ́n gba inú okùn gíláàsì tín-ín-rín, èyí tó kúrú á yára kọjá, ìmọ́lẹ̀ lésà á sì ka àwọ̀ wọn bí òkè ṣóńṣó lórí ìwé.

Kíka òkè wọ̀nyí ni iṣẹ́ gbé le. DNA tó ti gé máa ń pàdánù èyí tó gùn kọ́kọ́, àwọn òkè á máa kéré sí i bí ìwé bá ṣe ń lọ sápá ọ̀tún. Nígbà tí DNA bá kéré gan-an, nọ́ńbà kan nínú méjì lè má yọ, ẹni tó ní 6 àti 9 á wá jọ ẹni tó ní 6 nìkan. PCR sì máa ń yọ̀ nígbà mìíràn, á fo AATG kan, òkè kékeré á yọ ṣáájú òkè ńlá, ó sábà máa ń kéré sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan, a mọ̀ ọ́n, a ó fò ó. Nínú DNA èèyàn mẹ́ta tó dà pọ̀, ó lè jẹ́ ìyọ̀ lásán, ó lè jẹ́ ẹni kẹta. Onímọ̀ tó bá ti fojú kan nọ́ńbà ẹni tí a fura sí kó tó pinnu èyí tó jẹ́ ti òótọ́ nínú wọn ti bà á jẹ́.

DNA tí a ń mú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ti ẹlòmíràn náà lè pọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ọlọ́pàábìnrin kan nílùú Heilbronn ní Jámánì lọ́dún 2007, wọ́n ń wá obìnrin kan tí DNA rẹ̀ ti yọ níbi nǹkan bí ogójì ọ̀ràn ní Jámánì, Austria àti Faransé. Ọdún 2009 ni wọ́n tó mọ̀ pé DNA náà jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń di àwọn igi olówùú wọn. Wọ́n ti pa kòkòrò ara òwú náà, òwú sì mọ́ ní ti ìṣègùn, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa kòkòrò kì í fi dandan pa DNA rẹ́. Láti 2016 ni ìlànà ISO 18385 ti wà fún àwọn tó ń ṣe irú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Láàbù pẹ̀lú á máa fi òwú tí kò kan nǹkan kan bá gbogbo iṣẹ́ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí òkè kan bá yọ nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn dúró. Wọ́n á tún tọ́jú nọ́ńbà DNA gbogbo òṣìṣẹ́ àti ọlọ́pàá tó ń lọ síbi ìṣẹ̀lẹ̀, kí a lè yọ tiwọn kúrò.

Ká ní gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa, nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ náà bá ti ẹni tí a mú mu, a sì ṣírò pé ẹnì kan nínú mílíọ̀nù ló lè ní irú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí pé ìṣeéṣe pé kò jẹ̀bi jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù. Nínú ìlú tó ní mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn, nǹkan bí èèyàn mẹ́wàá ni a retí kí nọ́ńbà wọn rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀rí mìíràn, ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló jẹ́. Àwọn nọ́ńbà ibi ogún máa ń tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà, àmọ́ DNA tó gé tàbí tó dà pọ̀ lè já a wá sí irú ìdá yìí.

Nọ́ńbà náà kì í sì í sọ bí ẹ̀jẹ̀ tàbí sẹ́ẹ̀lì ṣe débẹ̀. Ní California lọ́dún 2012, DNA ọkùnrin kan yọ lábẹ́ èékánná ẹni tí wọ́n pa. Ó lé ní oṣù márùn-ún tó lò látìmọ́lé. Ìwé ilé ìwòsàn fi hàn pé orí bẹ́ẹ̀dì ló wà pẹ̀lú ọtí lójú ní òru tí wọ́n pa onítọ̀hún, àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì tó gbé e lọ sílé ìwòsàn ló sì wá síbi ìpànìyàn náà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Láàbù kò ṣe àṣìṣe kankan. DNA rẹ̀ ni lóòótọ́. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì tó wà nínú àkọsílẹ̀ ni wọ́n fi mọ ọ̀nà tó gbà.

Ní ilé ẹjọ́, nígbà náà, ìbéèrè lórí ìwé tó bá ẹ̀rí rìn ló yẹ kó ṣáájú ti ẹ̀rọ. Lára àpò kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà ẹjọ́, nọ́ńbà ẹ̀rí, ọjọ́, aago, ibi tí a ti rí i àti orúkọ ẹni tó kó o gbọ́dọ̀ wà, kí ó fọwọ́ sí i lọ́nà tí ìfọwọ́sí náà á fi kọjá lórí tépù sára àpò. Ẹni tó bá ṣí i ní láàbù kì í gé tépù yẹn. Ibòmíràn ni yóò gé, yóò fi tépù tirẹ̀ dí i padà, á sì fọwọ́ sí i, kí a lè ka iye ìgbà tí wọ́n ṣí i lára àpò fúnra rẹ̀. Bí àbàwọ́n bá sì pọ̀ tó, ìdajì òwú ni láàbù ń gé lò. Ìdajì tó kù á wọ inú fírísà ní −20°C, kí onímọ̀ tí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ bá gbà lè rí nǹkan fúnra rẹ̀ dán wò. Bí àbàwọ́n bá kéré débi pé wọ́n gbọ́dọ̀ lo gbogbo rẹ̀ tán, kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn olùjẹ́jọ́ kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì gbà kí onímọ̀ tiwọn wá dúró wò ó.